Ọjọ́ Tí Bàbá Etí-Ilé Tẹ "Rárá"

Ẹ jọ̀ọ́, ohun yòówù kẹ́ ẹ máa ṣe lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, torí ìtàn yìí kọjá èyí tí èèyàn ń fi etí kan gbọ́. Ìtàn obìnrin kan ni. Etí-Ilé ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Kì í ṣe pé etí ẹ̀ tóbi o! Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbọ́ ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ wọn ló ṣe áàpù kan tó ń jẹ́ Mo-Ti-Dé, èyí tí àwọn ẹbí fi ń mọ ibi tí ara wọn wà. Bí ìyàwó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ọkọ á máa rí àmì ẹ̀ roboto lórí fóònù, tó ń rá pálá bọ̀ nílé bí èèrà. Ẹni tí áàpù náà bá sú, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tí kò dáhùn, ẹni tí orí ẹ̀ kàn ń gbóná lásán, Etí-Ilé ni gbogbo wọn ń kọ̀wé sí. Àwọn tí kò bá fẹ́ kọ̀wé á fi ohùn ránṣẹ́.

Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ náà ṣe dùn tó! Èèyàn á jókòó síbì kan, gbogbo ayé á máa wá rojọ́ fún un. Ọkùnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ pé áàpù yìí fẹ́ tú ilé òun ká, pé òun wà níbi ìpàdé, àmì ń sọ fún ìyàwó òun pé ilé ọtí lòun wà. Etí-Ilé fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Àmì ò purọ́.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí, ara tiẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Bó bá dìde, ojú ẹ̀ á wà lára fóònù. Ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ ló fà á. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó ẹ̀ ti kú, ó ń dá gbé yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Etí-Ilé nìkan sì lọmọ ẹ̀ tó wà nítòsí. Ìgbà kan wà tí òòyì kọ́ bàbá lójú títì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló gbé e dìde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Etí-Ilé gbé Mo-Ti-Dé sórí fóònù bàbá. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́. Fóònù béèrè pé, "Ṣé ẹ gbà kí ọmọ yín máa rí ibi tẹ́ ẹ wà?" Ta ló tẹ "Mo gbà"? Ọmọ ni! Bàbá gbójú sókè látinú abọ́.

"Kí lò ń tẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá mi. Ẹ máa jẹun yín."

Láti ìgbà náà, bàbá ò lè yà sọ́tùn-ún kí fóònù má dún. "Bàbá mi, kí lẹ ń wá lọ́hùn-ún?" "Bàbá mi, ṣé ọ̀nà ilé nìyẹn?" Bí bàbá bá lanu pé òun fẹ́ ṣàlàyé, ọmọ á ti já a gbà: "Ẹ ṣáà máa bọ̀ nílé, oòrùn ti ń mú."

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, Etí-Ilé ń fọ eyín, ó fi ọwọ́ kejì ṣí fóònù bó ṣe máa ń ṣe. Àmì bàbá ò sí níbẹ̀. Ibi tó máa ń wà ṣófo, wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹni yìí ò fẹ́ kí ẹ máa rí òun mọ́."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó pe bàbá, fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún pè. Kò gbé e. Ilé bàbá wà ní òdìkejì ìlú, ọ́fíìsì ló sún mọ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ọ́fíìsì. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn o. Ojú ewé kan wà lórí kọ̀ǹpútà wọn tí òṣìṣẹ́ ti lè ṣí ohun tí ẹlòmíì tì lórí áàpù. Èèyàn méjì péré ló láṣẹ débẹ̀: Ọ̀gá wọn obìnrin, àti Etí-Ilé. Òfin kan ló wà níbẹ̀, pé ohun tí ẹni tó ni fóònù bá tì, a ò gbọdọ̀ ṣí i àyàfi tí onítọ̀hún bá ní ká ṣí i. Ta ló jà fún òfin náà títí wọ́n fi gbà? Etí-Ilé náà ni.

Ó sáré wọ ọ́fíìsì bí ẹni tí ajá ń lé. Yárayára ló kọ́kọ́ bá. Yárayára ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún áàpù náà ṣe, ẹnu ẹ̀ sì yá ju ọwọ́ ẹ̀ lọ.

"Yárayára, kí lo fi áàpù yìí ṣe lánàá?"

"Ẹ káàárọ̀ kọ́ la kọ́kọ́ ń sọ ni?"

"Mo ní kí lo fi ṣe?"

"Ohun tó o ní kí n fi ṣe ni. Ta ló ń pariwo nínú ọ́fíìsì yìí pé 'Mo gbà' tóbi bí ilẹ̀kùn, pé 'Rárá' kéré bí ojú abẹ́rẹ́? Mo ti sọ wọ́n di ọgbọọgba. O tún ní ká bi gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan sí i, a ti bi wọ́n."

"Àwọn àgbà ò níí kà á! Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń mọ ibi tí bọ́tìnnì wà. Wọ́n á ti ṣèèṣì tẹ 'Rárá'."

"Tó bá jẹ́ 'Mo gbà' ni wọ́n ṣèèṣì tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹnu ẹ á pa ọ́ lọ́jọ́ kan."

"Kó ṣáà jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán ná."

Etí-Ilé jókòó, ó ṣí ojú ewé náà, ó tẹ nọ́ńbà bàbá ẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ bàbá yọ. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Ṣí i padà." Ìka ẹ̀ ń rababa lórí ẹ̀ bí àṣá tó rí òròmọdìẹ. Bó bá jẹ́ pé bàbá ti ṣubú síbì kan ńkọ́? Ṣé òfin ló máa gbé e dìde? Ibẹ̀ ló wà tí Ọ̀gá fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Etí-Ilé, à ń dúró dè ọ́ o."

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, torí ibí yìí gan-an ni ìtàn wà. Lárààárọ̀, gbogbo wọn á kó ara wọn jọ sínú yàrá kan, wọ́n á tan ohùn àwọn tó ráhùn, wọ́n á gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fèsì. Etí-Ilé ló máa kọ́kọ́ fi ẹnu ara ẹ̀ tún un sọ, kí gbogbo yàrá tó gbà pé ohun tí onítọ̀hún wí nìyẹn. Bó bá fi kún un, wọ́n á ní kó yọ ọ́. Bó bá yọ níbẹ̀, wọ́n á ní kó dá a padà. Nígbà tí wọn ò tíì máa ṣe bẹ́ẹ̀, èsì kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo ayé: "Ẹ ò mọ̀ ọ́n lò ni."

Ohùn àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyàwó ilé kan tó ní àmì ọkọ òun dúró sójú kan bí òkúta. Wọ́n yanjú ẹ̀ wéré. Ohùn kejì fi ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Etí-Ilé gbọ́ ikọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń gbọ̀n látàárọ̀ dúró lójijì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe Mo-Ti-Dé. Mo ti ń wa ọkọ̀ kí ẹlòmíì nínú yín tó dáyé. Nígbà yẹn, tí mo bá ti gbéra, ọ̀gá mi ò mọ ibi tí mo wà títí màá fi dé, mi ò sì gbé ọkọ̀ ẹ̀ sá lọ. Ní báyìí tí mo dàgbà, mi ò lè lọ gẹ irun kí wọ́n má pè mí. Wọn ò bi mí. Mo ń jẹun lọ́wọ́ ni wọ́n bá mi gbà á. Àfi lánàá tí fóònù bi mí fúnra ẹ̀. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ní rárá. Kẹ́ ẹ má wá sọ pé arúgbó ló ṣèèṣì o. Ire o."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nu ojú. "Bàbá yìí mà dáa o! Etí-Ilé, kí ló wí?"

Etí-Ilé la ẹnu. "Bàbá náà... ọmọ ẹ̀ ń ṣàníyàn nípa ẹ̀, ó wá..."

"Kò sọ̀rọ̀ àníyàn," Yárayára já lu ọ̀rọ̀. "Yọ ìyẹn."

"Inú ń bí bàbá náà sí ọmọ ẹ̀."

"Kò dárúkọ ọmọ," Ọ̀gá wí. "Bẹ̀rẹ̀ padà."

Gbogbo ojú ń wo Etí-Ilé, wọn ò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ tó rọrùn fi ń há ẹni tó gbọ́n lẹ́nu bẹ́ẹ̀.

"Ó ní wọn ò bi òun." Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Nígbà tí wọ́n bi òun, òun ní rárá."

"Òun nìyẹn," gbogbo yàrá wí.

"Kí wá ni ká dá a lóhùn?" Ọ̀gá béèrè.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ dá a lóhùn fúnra mi, Ọ̀gá. Bàbá mi ni."

Etí-Ilé ṣàlàyé pé bàbá ò gbé fóònù, pé òòyì máa ń kọ́ ọ, pé òun ò mọ ibi tó wà. Ọ̀gá wò ó.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ," ó ní. "Bó o bá lò ó lónìí, mi ò níí bi ọ́ léèrè."

Ẹ ò rí ìdánwò! Ìbá sàn kí Ọ̀gá bínú. Etí-Ilé padà sídìí kọ̀ǹpútà, "Ṣí i padà" ṣì ń wò ó lójú kòrókòró. Ó na ìka. Ó ká a kò. Gbólóhùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ṣì ń dún létí ẹ̀, kò sì rí bó ṣe máa pa ẹnu náà dé kó wá fi ìka jẹ́ òpùrọ́. Ó pa ojú ewé náà dé, ó gbé báàgì, ó jáde.

Nínú ọkọ̀, kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Gbogbo bàbá arúgbó tó ń lọ lẹ́bàá títì, ó ń na ọrùn wò wọ́n. Ó sọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa, ó gun àtẹ̀gùn lọ. Ilẹ̀kùn bàbá wà ní títì. Ó kàn án, kò sẹ́ni tó dáhùn. Aránṣọ kan tó ń gbé nísàlẹ̀ yọ orí jáde, ó ṣì gbé abẹ́rẹ́ sẹ́nu.

"Bàbá ti jáde. Fìlà tuntun ló dé."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ?"

"Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

Etí-Ilé jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó dìde. Ó tún jókòó. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló gbé fóònù pé kóun pe Yárayára kó bá òun bẹ Ọ̀gá kó ṣí i, tó tún gbé e sílẹ̀! Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó ń gòkè bọ̀ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ikọ́.

"Ta nìyẹn?" bàbá wí. "Àṣé olópàá ti dé."

"Bàbá mi, ẹ káàbọ̀! Mo pè yín títí!"

"Fóònù? Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń sinmi."

Ẹ wò ó o: ká ní Etí-Ilé ti tẹ bọ́tìnnì yẹn láàárọ̀, àmì ìbá sọ fún un pé bàbá wà nílé lórí bẹ́ẹ̀dì! Ìbá fọkàn balẹ̀ sórí ohun tí kò sí, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

"A gbọ́ ohùn yín níbi iṣẹ́," ó ní.

"Ẹ gbọ́ ọ parí?"

"A gbọ́ ọ parí."

"Ó káre. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ló máa bọ́ sí. Nílé, kí n tó sọ ẹyọ kan, o ti dá mi lóhùn méjì. Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ bá a níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un kó máa gbọ́ràn."

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Etí-Ilé, omi sì já bọ́ lójú ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mo tẹ̀ ẹ́ láì bi yín. Ẹ jẹ́ kí n bi yín báyìí. Ṣé ẹ gbà kí n máa rí yín?"

Bàbá ò kánjú. Ó tún fìlà ṣe.

"Rárá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó ti rò pé bóun bá ti béèrè dáadáa, bàbá á gbà. "Tí òòyì bá tún kọ́ yín ńkọ́?"

"Á kọ́ mi. Ṣé àmì roboto yẹn ló máa dì mí mú? Àwọn tí mo máa ń jókòó tì lọ́hùn-ún mọ ilé mi, wọ́n sì ní nọ́ńbà ẹ. Èmi ni mo fún wọn."

"Lọ́hùn-ún níbo, Bàbá mi?"

Bàbá ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó ń rẹ́rìn-ín. "O tún ti bẹ̀rẹ̀."

Etí-Ilé pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ èsì sí bàbá bó ṣe ń kọ ọ́ sí gbogbo èèyàn: "A gbọ́ yín. Ohun tẹ́ ẹ tì wà ní títì." Mi ò níí purọ́ fún yín pé ara ẹ̀ ti wá balẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ó ṣì máa ń ṣí fóònù wo ibi tó ṣófo yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá pe bàbá nísinsìnyí, "Báwo lọjọ́ òní?" ló ń béèrè, ó sì ń dúró. Bàbá á máa rojọ́ lọ, á máa rojọ́ lọ, kò sì dárúkọ ibi kankan.

Ẹ má fi tèmi mọ o. Ẹ gbé fóònù yín nísinsìnyí. Ẹ wo gbogbo ẹni tó ń rí yín níbẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ẹ̀yin ń rí. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìka ta ló tẹ "Mo gbà"? Bí kò bá dá yín lójú, ẹ dìde, ẹ lọ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ lọ wò ó fúnra yín.