Nítorí pé ọmọ mi pe olùkọ́ ní Àǹtí

"Ta ni àǹtí ẹ níbí? Kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ọpọlọ ẹ á fi kúrò ní pírámárì!"

Ohun tí olùkọ́ ìṣirò sọ fún Tọ́pẹ́ ọmọ mi láàárọ̀ yìí nìyẹn, ní ọjọ́ kìíní rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ó nawọ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí pátákó."

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ ọ ní pírámárì pé àǹtí ni olùkọ́ obìnrin ń jẹ́. Ó jọ pé orúkọ náà yí padà nígbà họlidé, wọn ò sì fi tó wa létí.

Mo lọ bá olùkọ́ náà lọ́sàn-án. Mo ní, "Ẹ káàsán o, Àǹtí."

Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ káàsán, Mummy. Ṣé kò sí wàhálà o?"

Ẹ ò rí i pé ó ń jẹ́ ẹ!

Ṣùgbọ́n Tọ́pẹ́ ní òun ò ní béèrè nǹkan kan ní kíláàsì mọ́. Ìyẹn ni mi ò ní gbà.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé: kí wọ́n tu ọmọ mi nínú, kí wọ́n sì fi wákàtí kan péré ṣàlàyé àṣà ibẹ̀ fún gbogbo ọmọ tuntun.

Ẹ̀yin òbí, ṣé mo ṣàṣejù? Ẹ sọ tẹnu yín. Ní ti ilé-ìwé, agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo dá fún wọn láti fèsì.