Ohùn Tí Kò Ní Ojú

Òórùn ọ̀rá tuntun ló kún kíláàsì mátánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn jẹ́lé-ó-sinmi, lọ́jọ́ tí wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì jáde nínú páálí. Òjò ti rọ̀ ní Ifangni láàárọ̀ ọjọ́ náà, òórùn ilẹ̀ tútù ń gba ojú fèrèsé wọlé, ṣùgbọ́n ti ọ̀rá yẹn borí rẹ̀. Òórùn tó bá ti jọ ti ohun tó lè gbiná kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Wọ́n pe àwa òbí kí a wá wo bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe máa kọ́ àwọn ọmọ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ àbúrò mi ni mo bá wá. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, Màmá ló sì ń pè mí.

Tátà, bí gbogbo àwọn ọmọ ṣe ń pe olùkọ́ wọn, gbé ẹ̀rọ kan sórí tábìlì. Àwòrán ẹyẹ kan hàn lójú rẹ̀, ohùn obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ sì ń ti inú rẹ̀ pe àwọn ọmọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá dáhùn, ohùn náà á ní kó fi ìka kan ewúrẹ́, tàbí kó ka iye ọsàn tó wà níbẹ̀. Inú àwọn ọmọ ń dùn, wọ́n ń pariwo. Bàbá ọmọ kan tó jẹ́ ọlọ́kadà ní, "Bí ó bá pe èmi, ibo ló ń lọ ni màá kọ́kọ́ bi í!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ohùn náà pe ọmọ mi. Kò dáhùn. Ó tún un pè. Ọmọ náà panu mọ́, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, títí Tátà fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹ má bínú o. Bóyá etí rẹ̀ ni, bóyá òye rẹ̀ ni kò tíì tó. Bí ó bá ń bá a lọ báyìí, ọ̀gá wa ò ní jẹ́ kó lọ sí CI lọ́dún tó ń bọ̀." CI ni kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ọmọ tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ adìẹ lẹ́yìnkùlé! Nígbà tí a délé, mo bi í pé kí ló dé tí kì í dáhùn. Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni òye mi kò tó.

"Màmá, kò ní ojú. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má dáhùn."

Lóòótọ́, èmi ni. Àwọn àgbà wa ti máa ń kìlọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí, ṣùgbọ́n èmi ti sọ ọ́ di òfin nínú ilé mi láti ìgbà iná. Ẹ̀bá ọ̀nà Igolo ni èmi àti àbúrò mi ti ń ta epo mọ́tò nínú ìgò. Nígbà tí iná sọ, àwa méjèèjì ti sá jáde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹnìkan wá ti inú èéfín pe orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Mò ń bọ̀!" Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì padà sínú iná náà, kò sì jáde mọ́. Mo ti bi gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ léèrè, kò sí ẹni tó ní òun pè é. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni, tàbí bóyá etí àwa méjèèjì ló tàn wá jẹ. Ṣé kí n wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó máa jẹ́ ìpè tí kò rí ẹni tó ń pè é, kó ṣáà lè lọ sí CI? Àbí kí n jẹ́ kó dákẹ́, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lọ fi í sílẹ̀? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n kò rí ojútùú.

Nígbẹ̀yìn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Tátà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ẹ jẹ́ ká fún ohùn náà ní ojú. Tiyín ni ká fi síbẹ̀." Ó ní kí n pe ọmọ náà lórúkọ, ó sì fi ẹ̀rọ náà gba ojú mi àti ohùn mi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti ọmọ náà lórí àga kékeré. Tátà tẹ ẹ̀rọ náà. Mo rí ojú ara mi níbẹ̀, ó ti gbó ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì pe ọmọ náà. Ọmọ wo ẹ̀rọ, ó wo ẹnu mi tí kò mì.

"Màmá, èwo nínú yín ni kí n dá lóhùn?"

Mo wojú Tátà. Ọmọ náà dúró dè mí títí. Nígbà tó rí i pé n kò ní ohun tí mo máa sọ, ó tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà, ó sì fi ohùn ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, "Màmá mi rèé níbí. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni yín?"

Tátà bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni omi wà lójú rẹ̀. "Ẹ lọ máa wá báàgì ìwé sílẹ̀, Màmá. Màá sọ fún ọ̀gá wa pé etí rẹ̀ àti òye rẹ̀ pé. Ọmọ yìí ń lọ sí CI."

Èmi ti rò pé kéèyàn dáhùn tàbí kó dákẹ́ ni, kò tún sí òmíràn. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ náà pé èèyàn lè béèrè ẹni tó ń pe òun. N kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Kò jọ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni, mo sì mọ̀ dájú pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Ó ti wà ní CI báyìí. Bí fóònù mi bá dún tí n kò mọ nọ́ńbà rẹ̀, òun ni mo máa ń gbé e fún. Á béèrè pé ta ni. Èmi á dúró tì í, ẹ̀rù á sì máa bà mí títí ẹni náà yóò fi sọ orúkọ rẹ̀.