Oyè Bàbá Ìjọ Tó Bọ́ Mọ́ Tíṣà Enoch Lọ́wọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí Tíṣà Enoch Akínbíyì kò fi jẹ oyè Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Apòmù, ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a. Olùkọ́ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ títí dòní kò lè ṣàlàyé ohunkóhun láìfi àpẹẹrẹ kún un.

Ó ti ń fẹ́ oyè náà tipẹ́, kì í sì í fi í pamọ́. Nígbà tí ìjọ ní àwọn ti fi í fún un, inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn tí kì í kí tẹ́lẹ̀. Alámùúlégbé rẹ̀ ni mí, ojú mi ló ṣe.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìjoyè, òun ló kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, lórí májẹ̀mú Dáfídì àti Jónátánì. Ó ní nígbà tí Jónátánì kú, Dáfídì wá ọmọ rẹ̀ rí, ó ń bá a jẹun, nítorí ikú kì í tú májẹ̀mú. Ó ní ohun tí àwọn baba wa ń pè ní ìmùlẹ̀ náà nìyẹn. Hébérù á pa ẹran, á là á sí méjì, á gba àárín rẹ̀ kọjá. Yorùbá á da omi sílẹ̀, àwọn méjì tó ń dá májẹ̀mú á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á mu ún pọ̀. Mósè pe ọ̀run àti ayé ṣe ẹlẹ́rìí, ilẹ̀ làwọn baba wa pè. Ó yẹ kó dákẹ́ síbẹ̀.

"Bí èmi àti Abdulkareem ṣe ṣe é gan-an nìyẹn," ni ó wí.

Àgbẹ̀ ará Wásinmi ni Abdulkareem, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tó kú, Tíṣà mú Kamilah ọmọ rẹ̀ wá sílé. Ọmọ náà ń kírun ní pálọ̀ rẹ̀, àwa sì ń yin Tíṣà pé aláàánú ni. A ò mọ̀ pé ìmùlẹ̀ wà nídìí ẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé etí Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, èèwọ̀ sì ni ìmùlẹ̀ fún ẹni tó máa jẹ oyè ìjọ. Fíkà kò bínú. Ó kàn ní kí Tíṣà dìde níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìjoyè, kó sọ pé òun kọ májẹ̀mú náà sílẹ̀. Ó ní Kamilah lè máa gbé ọ̀dọ̀ Tíṣà lọ.

Lójú tèmi, ó rọrùn. Kamilah pàápàá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níṣojú mi.

"Bàbá, ẹ ṣáà sọ ọ́. Ẹnu lásán ni. Èmi gan-an dá yín sílẹ̀."

"Kì í ṣe ìwọ lo bá mi mu ún," ni Tíṣà dá a lóhùn. "Bàbá ẹ nìkan ló lè dá mi sílẹ̀. Ó sì ti kú."

Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ Àìkú, Fíkà pè é. Tíṣà dìde, ó ní òun kò lè sọ ọ́, ó sì jókòó. Títù, ọmọ ìjọ wa kan, ni wọ́n fi oyè náà dá lọ́lá. Tíṣà pàtẹ́wọ́ fún un bíi gbogbo wa.

Inú bí mi. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn fi sọ ọ́.

"Ọmọ ọba ni Jónátánì," ni ó wí. "Òun ni ì bá jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ó jẹ́ kí adé lọ nítorí májẹ̀mú." Ó dúró, ó fọwọ́ nu ojú. "Bíbélì ò sọ fún wa bóyá ó dùn ún. Ó dun èmi o. Ó dùn mí gan-an."