Ó-ku-díẹ̀ àti Gìtá Keje

Ẹ sún mọ́bí jàre, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, mi ò ní torí yín ya ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tọ́wọ́ ẹ̀ kì í gbélé ni mo fẹ́ sọ. Gìtá ló ń ṣe, gìtá ló ń tà, àtèyí tuntun àtèyí tó ti gbó. Ó-ku-díẹ̀ làwọn èèyàn ń pè é, torí iṣẹ́ yòówù kó wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó o bá béèrè, "Ó ku díẹ̀" ló máa sọ. Ká ní ò sí orúkọ yẹn ni, Má-jókòó là bá máa pè é.

Gìtá táwọn ẹlòmíì ṣe ò lẹ́jọ́. Á lẹ èyí tó là, á na ọrùn èyí tó wọ́, á gbé e kọ́ ara ògiri, wọ́n á rà á. Èyí tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ni wàhálà. Ẹ má wò ó pé inú gìtá ṣófo o. Lábẹ́ pákó ojú ẹ̀, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ bí egungun ìhà. Àwọn ni kì í jẹ́ kí okùn fa ojú gìtá ya. Tí wọ́n bá nípọn jù, ohùn á há. Téèyàn bá fá wọn díẹ̀, ohùn á já gaara. Díẹ̀ yẹn gan-an ló ń pa Ó-ku-díẹ̀. Á ki ọwọ́ bọ ihò gìtá, á fá díẹ̀, á fìka kàn án kó-kó-kó, á gbọ́ ohun tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, á tún fá díẹ̀, títí egungun á fi tán. Tó bá wá so okùn mọ́ ọn, ojú gìtá á wú bí ojú ẹni tí agbọ́n ta, gbàù, ó là. Mẹ́fà ló ti fá pa báyẹn. Wọ́n ní àṣejù baba àṣetẹ́. Tiẹ̀ ti di bàbá bàbá.

Ìkeje ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Igi funfun tó fúyẹ́ lojú ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, igi pupa líle tó gé lára kọ́bọ́ọ̀dù ìyá ìyàwó ẹ̀ ni. Ogójì ọdún ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ti ń gbẹ, igi tó gbẹ kanrin-kanrin ni gìtá sì fẹ́. Ìyá àgbà ń kó aṣọ sínú àpò títí dòní, ẹ má béèrè bí wọ́n ṣe ń kíra wọn.

Ó ti sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé tí ìkeje bá tún bàjẹ́, òun ò ṣe gìtá mọ́ láyé òun, àtúnṣe nìkan lòun á máa ṣe kú. Télọ̀ nìyàwó, apá kejì ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ló ti ń ránṣọ.

"Kì í ṣe gìtá ló ń bàjẹ́, Bàbá àwọn ọmọ," ló dá a lóhùn. "Ẹ de ọwọ́ yín mọ́lẹ̀."

Obìnrin olórin kan ló ń bọ̀ lọ́sàn-án, ó fẹ́ ra gìtá tó máa gbé rìnrìn àjò. Láti àárọ̀ ni Ó-ku-díẹ̀ ti ń jókòó, tó ń dìde. Ó tún ilẹ̀ tí ìyàwó ti gbá gbá. Ó fìka kan gìtá.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣó o gbọ́ nǹkan kan?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó ní kẹ́ ẹ fòun sílẹ̀."

Nígbà tí olórin dé, èyí tó ti gbó lára ògiri ló kọ́kọ́ mú. "Ọ̀gá, èyí ńkọ́?"

"Àǹtí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó ti là rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, mo fi pákó pẹlẹbẹ lẹ̀ ẹ́ nínú. Àmọ́ ẹ wo ojú ẹ̀ bó ṣe pọ́n bí oyin. Ẹnì kankan ò kùn ún, ọjọ́ orí ni."

Olórin ta á. "Ó dùn. Àmọ́ àgbà ti dé sí i, kò ní lè bá mi wọ mọ́tò kiri."

Ló bá mú ìkeje. Okùn kan péré ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ohùn yẹn gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ọkọ mi ni," ìyàwó ló dáhùn. "Òun àti kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi."

"Èyí ni mo fẹ́."

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí ayọ̀ gbé e ṣubú? Ọ̀bẹ kékeré tó fi ń fági ló ti mú dání. "Ẹ gbé e wá, àǹtí. Okùn tó nípọn jù yẹn, ohùn ẹ̀ há díẹ̀. Kí n kàn fá egungun inú ẹ̀ fẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ẹ má gbé e fún un o!" Ìyàwó ti fò dìde, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. "Mẹ́fà ló ti sin!"

Olórin gbá gìtá mọ́ra bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. "Bó ṣe wà yìí ló wù mí. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, mò ń lọ ní tèmi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó gbé e."

Ó-ku-díẹ̀ jókòó lé ọwọ́ ara ẹ̀. Olórin ń ta á lọ, ó dùn mọ́ ọn, ó dijú. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá kan okùn tó nípọn yẹn, Ó-ku-díẹ̀ á fẹ́ dìde, á tún jókòó padà. Ó wo ihò gìtá. Ó wo ọ̀bẹ. Ó wo ìyàwó ẹ̀.

"Bá wọn gbé e sínú àpótí ẹ̀ tí wọ́n bá ṣe tán."

"Ẹ̀yin alára ńkọ́?"

"Tí mo bá tún jókòó síbí, mo máa fá a."

Ó fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, ó dìde, ó bọ́ síta.