Àmín Ẹnu Ọ̀nà

Bí ẹ bá wà ní Èjìgbò láàárọ̀ kùtù, tí ẹ rí bàbá kan tó wọ ṣòkòtò pénpé, tó ń sáré tete lọ sójú ọ̀nà Másífà, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì, Tíṣà Olújídé Adéwọ̀yìn ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá. Ìjọba ní kó fẹ̀yìn tì, ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Òjò ìbáà rọ̀, ọyẹ́ ìbáà mú, yóò sáré. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ikùn rẹ̀ sì le bíi pákó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ikùn wọn yọ síta ní ṣọ́ọ̀ṣì kò lè sinmi lẹ́nu rẹ̀.

Aago márùn-ún tó ń jáde yẹn náà ni Dọ́káàsì, ìyàwó rẹ̀, máa ń lu agogo àdúrà. Nílé onígbàgbọ́, gbogbo wa la mọ̀ pé baálé ní í ṣíwájú àdúrà òwúrọ̀. Nílé Tíṣà, ìyàwó ni. Dọ́káàsì á dá orin, á ka Bíbélì, á dárúkọ àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé orí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn. Bó bá kù díẹ̀ kó parí, Tíṣà á ti dé. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, òógùn á máa kán lágbọ̀n rẹ̀, á sì pariwo, "Àmín!" Ìyẹn ni ìpín tirẹ̀.

"Tíṣà, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó o," Dọ́káàsì á wí. "Àmín nìkan kọ́ ni àdúrà."

"Ìwọ máa gbàdúrà fún àwa méjèèjì," Tíṣà á fẹ̀rín dá a lóhùn, "èmi á máa sáré fún àwa méjèèjì."

Ẹ gbọ́ àwàdà tó dùn létí! Ṣé èèyàn ń jẹun kí ikùn ẹlòmíràn yó ni?

Lọ́dún tó kọjá, níbi tí Dọ́káàsì ti ń ṣa ẹ̀wà, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣubú. Apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù: àmín. Bó bá fẹ́ mu omi, àmín ni. Bí ara bá ń ro ó, àmín náà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé e ti ọsibítù dé, Tíṣà ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó rí i tí ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ òsì sí agogo. Tíṣà tú okùn bàtà náà. Ó lu agogo, ó kúnlẹ̀. Ó ka Àdúrà Olúwa, torí ìyẹn kò ṣòro, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ó ní, "Olúwa," ó tún ní, "Olúwa," kò sì mọ èyí tó kàn. Ó wo Dọ́káàsì. Omijé ń dà lójú obìnrin náà, kò sì ṣe àmín.

Ó ká Tíṣà lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pinnu pé bí òun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ léré ni òun ó ṣe kọ́ ara òun. Ó pa eré sísá tì. Ó gbé aago síwájú: ìṣẹ́jú márùn-ún lónìí, mẹ́wàá lọ́la. Ó kọ àdúrà sínú ìwé, ó ń kà á sókè. Gbogbo rẹ̀ gbẹ lẹ́nu rẹ̀ bíi gààrí tí kò rómi. Dọ́káàsì á tẹjú mọ́ ọn, kò ní ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kan, Àbdùlláhì télọ̀, tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé rẹ̀ nígbà kan rí, ń ti mọ́sálásí bọ̀, ó bá a níbi tó jókòó sí lójúde, tó fọwọ́ lérán.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. A ò rí yín lójú ọ̀nà mọ́. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Àdúrà ni mò ń kọ́, Àbdùlláhì. Kò wọra."

"Háà! Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé ọjọ́ ìdíje kọ́ là ń kọ́ eré." Ó rí ojú bàbá náà, ó yára dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹnu mi ló yọ̀."

Tíṣà kò bínú. Òótọ́ ni, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, kí aago márùn-ún tó lù, èémí Dọ́káàsì yí padà. Tíṣà kò rántí agogo, kò rántí ìwé. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Olúwa, mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Mi ò kọ́ ọ. Obìnrin yìí ló ń bá mi sọ ọ́ látọjọ́ yìí. Má mú un lọ. Jọ̀wọ́, Bàbá, fi í sílẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀ Ọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àdúrà máa ti inú rẹ̀ wá. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ kó lè gbọ́ àmín.

Àkùkọ kọ. Ilẹ̀ mọ́ sára bàtà eré tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ tó dì mú ti ń tutù, Tíṣà sì tún dúró de àmín díẹ̀ sí i.