Ìgò Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Bàbá Káfíńtà

Obìnrin aránṣọ yìí, tí gbogbo ọ̀dọ́ ìjọ ń pè ní Mọ́mì, kò fẹ́ kí nǹkan wọ́ rárá. Bí o bá dìde lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí o kò tì í wọ abẹ́ tábìlì, yóò kọ́kọ́ tì í wọlé kó tó dáhùn ó dàbọ̀ rẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ránṣọ, kò sì sí abẹ́rẹ́ kan níbẹ̀ tí kò mọ ojúkò rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá jókòó pẹ́ jù lójú kan, ìyàwó òun á ká òun bí aṣọ, á sì ti òun mọ́ àpótí.

Òun ló dá iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, kí ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń ṣe? Wọ́n á gbé àga, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì máa tẹ fóònù lábẹ́ ìwé orin bí pásítọ̀ bá ń wàásù. Ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó dìde nínú ìpàdé níjọ́ kan, ó ní ìhìn rere tí kò bá lè gbálẹ̀ fún arúgbó, ariwo lásán ni. Àwọn alàgbà ní àwọn ọmọ wọ̀nyí á kàn lọ ba nǹkan onínǹkan jẹ́ ni. Mọ́mì ní kí wọ́n fi òun ṣe onídùúró, ohunkóhun tó bá bàjẹ́, ọwọ́ òun ni kí wọ́n ti béèrè. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o, kò sẹ́ni tó rọ̀ ọ́.

Bí ọ̀dọ́ mọ́kànlá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lọ sílé àwọn tí ara kò gbé jáde mọ́ nìyẹn. Wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń gé èékánná ẹsẹ̀ àwọn àgbà, wọ́n á ka Bíbélì, wọ́n á gbàdúrà. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ wọn débi pé àwọn tó ń sùn nílé ìsìn ló ń kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Sátidé. Àmọ́ Mọ́mì le, kì í sì í gba àtúnṣe lẹ́nu ọmọdé. Ọmọkùnrin kan tún ẹsẹ Bíbélì tí Mọ́mì ṣì kà ṣe lójú àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Mọ́mì fi dá ọmọ náà jókòó sílé. Àwọn yòókù rí i, wọ́n sì fi ṣàríkọ́gbọ́n.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ilé Bàbá Káfíńtà ni wọ́n lọ. Ogójì ọdún ni Bàbá yìí fi kan ilẹ̀kùn fún aráàlú kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ó ń dá gbé inú yàrá kan ṣoṣo, ọwọ́ ló sì fi mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ wà níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, rédíò oníbátìrì wà lórí àga, ìgò méjì wà lórí tábìlì. Oògùn ikọ́ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Oògùn ìpara orúnkún ló wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún. Ìgò méjèèjì kò yàtọ̀ síra, àfi fún ẹni tó bá lè kàwé. Ìdí nìyẹn tí òfin àkọ́kọ́ Mọ́mì fi jẹ́ pé nílé ẹni tí kò ríran, ibi tí o bá ti gbé nǹkan gan-an ni kí o dá a padà sí. Ó ti sọ ọ́ títí, àwọn ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ ọ́ lójú oorun.

Wọ́n ṣiṣẹ́ ní wákàtí kan, wọ́n gbàdúrà fún Bàbá nítorí ọ̀fìnkìn tó dí i nímú pa, wọ́n sì gbé fóònù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n bá a fi iná sí i, torí iná kò sí ládùúgbò rẹ̀.

Aago mẹ́ta àbọ̀ ti kọjá, wọ́n ti padà sí yàrá ìpàdé, Mọ́mì ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa bẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ọmọbìnrin kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì ni. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí bí ó bá sọ̀rọ̀, o gbọ́dọ̀ tẹ́tí kí o tó gbọ́. Ó dúró títí. Mọ́mì bi í bóyá ó fẹ́ di òpó ni.

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Ìgò tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún Bàbá, òsì ló wà.”

Bíírò bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Ó fara ya. Ó ní ta ni aláìgbọràn tó ṣe é, kí olúwarẹ̀ dìde kí òun rí i. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

“Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Nígbà tí ẹ̀ ń nu tábìlì, tí ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ pa Bàbá lẹ́rìn-ín.”

Mọ́mì fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ìgbà náà ló fojú inú rí ọwọ́ ara rẹ̀: ìgò kan lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì lọ́wọ́ òsì, àkísà lábẹ́ apá, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ó bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní ẹ̀rù ba òun, òun rò pé Mọ́mì á rí i fúnra rẹ̀. Àgbà kò rí nǹkan kan.

Bí rédíò bá ti ń kéde ìròyìn aago mẹ́rin ni Bàbá máa ń mu ṣíbí oògùn ikọ́ kan. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ní kí wọ́n pè é. Wọ́n yíjú, fóònù Bàbá ló ń gba iná lára ògiri yẹn. Mọ́mì ti bọ́ sóde, Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e.

Wọ́n ti gbẹ́ ojú títì náà láti ri páìpù omi, ọkọ̀ kankan kò lè kọjá, ẹsẹ̀ ló kù. Mọ́mì bọ́ bàtà, ó gbé e lọ́wọ́, ó sáré gba orí òkìtì yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú orúnkún ẹni àádọ́ta ọdún ó lé. Kò pẹ́ tí èémí fi tán. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ máa lọ, kó má dúró de òun. Ọmọ náà fò lọ. Ẹ̀rù ba Mọ́mì, ojú sì ń tì í. Ó gbàdúrà, kì í sì í ṣe irú èyí tó gún régé tó máa ń gbà lójú àwọn èèyàn. “Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́” nìkan ló ń tẹnu rẹ̀ jáde. Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó gbọ́ orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn lórí rédíò wọn. Ó ku ilé mẹ́sàn-án.

Níbi kọ̀rọ̀ ló ti gbọ́ ohùn kan.

“Bàbá, ẹ má mu ún! Ẹ gbé e sílẹ̀!”

Kò kọ́kọ́ mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ni. Ohùn náà mú kí àwọn èèyàn yọ sójú fèrèsé. Ọmọ náà di irin fèrèsé Bàbá mú, torí Bàbá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì ń pariwo mọ́ àgbàlagbà bí ẹni pé wọn kò kọ́ ọ nílé. Mọ́mì gbọ́ tí ṣíbí jábọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, títí tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Oògùn náà ti ṣàn sí àyà ẹ̀wù Bàbá. Ó ní ó kan ètè òun, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi omi fọ ẹnu rẹ̀ léraléra, wọ́n mú un jókòó. Lẹ́yìn tó ti mí délẹ̀, ó béèrè ẹni tó ṣí ìgò òun nípò.

Jẹ́jẹ́ ní, “Èmi ni, sà.”

Mọ́mì kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. “Kì í ṣe òun, Bàbá. Èmi ni. Ó rí mi, ó sì bẹ̀rù láti sọ fún mi.”

Ọwọ́ Bàbá ń wá etí tábìlì.

“Èmi ò lójú,” ó ní. “Mo rò pé tiyín ni mò ń yá lò lọ́jọ́ Sátidé. Ojú tó rí nǹkan tí kò lè sọ ọ́, ṣé ó yàtọ̀ sí tèmi?”

Ẹkún ń gbọ̀n Mọ́mì, kò sì gbìyànjú láti fi í pa mọ́. Bàbá ní kí ọmọ náà bá òun to tábìlì. Jẹ́jẹ́ ka ara ìgò kọ̀ọ̀kan sókè, ó gbé e síbi tó yẹ, ó sì fa ọwọ́ Bàbá kàn án. Ìgò ìpara náà wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ Mọ́mì ti nà sí i kó tó mọ̀.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀,” ni Jẹ́jẹ́ wí, ní ohùn rẹ̀ tó máa ń lọ sílẹ̀ yẹn.

Mọ́mì fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó kó méjèèjì sẹ́yìn, ó ní òun ti gbọ́.