Pàṣán Ẹṣin fún Ẹni Tí Kò Gun Ẹṣin Rí

Nígbà tí ogun parí, tí òyìnbó ní kí olúkúlùkù jókòó jẹ́ẹ́, iṣẹ́ wa wà lára ohun tó kọ́kọ́ kú. Oníṣọ̀nà awọ ni mí ní Ìwó, pàṣán ẹṣin sì ni mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ohun gbogbo lọ. Àwọn jagunjagun tó ń gun ẹṣin ni mo ń ṣe é fún, àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń fi pàṣán ṣe. Àwọn kan kú, àwọn yòókù darúgbó sílé, ẹṣin wọn sì kú sí ìdí èèkàn. Lẹ́yìn wọn, ta ló tún kù? Ọkùnrin kan wá bá mi pé kí n ṣe pàṣán tí òun yóò fi máa lé ewúrẹ́. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo kó irinṣẹ́ mi sórí àjà, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ń lọ sóko láàárọ̀, mo ń lọ sí mọ́ṣáláṣí nírọ̀lẹ́, mo sì ń fi ìyókù ọjọ́ wo àwọn ènìyàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò dùn ún wò.

Oníṣòwò èkùrọ́ kan wà nínú wọn, àdúgbò tó tẹ̀ lé tiwa ni ilé rẹ̀ wà. Nígbà ogun, ó sá lọ sóko lẹ́bàá Olúpọ̀nnà, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ yẹn kò sàn títí ogun fi parí. Bí ọkọ̀ ojú irin ti dé báyìí, ẹsẹ̀ sàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti abà dé abà, ó ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ó ń kó o lọ tà fún òyìnbó ní ibùdó ọkọ̀. Agolo tó fi ń wọn èkùrọ́, ó ti fi òkúta lu ìdí rẹ̀ láti inú títí ó fi yọ ikùn síta bí aboyún. Gbogbo àwọn obìnrin náà ló mọ̀. Wọ́n sì ń tà fún un bẹ́ẹ̀, nítorí òun nìkan ló ń dé abà wọn.

Ó wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dé fìlà àrán nínú oòrùn tó lè sun iṣu. Ó fi ìka méjì kan ilẹ̀, ó pe ìyẹn ní ìdọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, mo ti ra ẹṣin.”

“Mo gbọ́. Ta ni yóò máa gùn ún?”

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àwàdà ni mò ń ṣe. “Èmi náà ni, bàbá. Mo fẹ́ tẹ̀ lé Ọba lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá. Pàṣán ló kù. Irú èyí tí ẹ máa ń ṣe fún àwọn balógun, tí awọ pupa máa ń rọ̀ wálẹ̀ lára ìdí rẹ̀.”

“Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀.”

“Ẹyọ kan péré, bàbá.”

“Fún ta?”

“Fún èmi.”

“Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀.”

Ó ní kí n kúkú wá wo ẹṣin náà, bóyá ọkàn mi á yọ́. Mo bá a lọ nítorí ẹṣin, kì í ṣe nítorí rẹ̀. Ẹṣin funfun kan ni, àwọn Gàmbàrí ló tà á fún un. Mo la ẹnu rẹ̀ wò. Eyín ẹni tó yẹ kó máa mu ògì ló wà níbẹ̀. Orúnkún iwájú rẹ̀ wú, ó sì ń gbọ̀n lórí ìdúró.

“Wọ́n ní ẹṣin ọba kan ní òkè Hausa ni,” ọkùnrin náà sọ.

“Ó lè jẹ́ òótọ́,” mo dá a lóhùn. “Ọba tó kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀ ni.”

Mo padà sílé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìyá rẹ̀ ló dé lọ́jọ́ kejì, ó ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni obìnrin yìí gbé dàgbà, òun ló sì ń pọ̀n mí bí ìyá mi bá lọ sọ́jà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

“Dìde,” ó ní. “Mi ò wá sọ fún ọ pé ọmọ gidi ni. Mo mọ ohun tí mo bí. Mo mọ̀ nípa agolo yẹn.”

“Kí wá lẹ fẹ́, ìyá?”

“Bàbá rẹ̀ rẹrù títí ó fi kú. Bàbá bàbá rẹ̀, koríko ló ń gé fún ẹṣin ẹlẹ́ṣin. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú wọn jókòó sórí ẹṣin níṣojú mi, kó mú ohun tí ẹlẹ́ṣin ń mú lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa bá agolo rẹ̀ lọ.”

Èèyàn kì í jiyàn pẹ̀lú ẹni tó pọ̀n ọ́n. Mo ní, “Mo gbọ́, ìyá.”

Awọ màálù kan tó nípọn ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, mo fá irun ara rẹ̀, mo sì fi abẹ là á tín-ín-rín. Mo gbẹ́ igi líle fún ìdí rẹ̀, mo hun awọ lé e lórí, ó nípọn lókè, ó ń tín-ín-rín lọ títí ẹnu rẹ̀ fi dà bí ìrù èkúté. Mo mú awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà rẹ di pupa, mo fi bo ìdí igi náà, mo sì jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń hun ún ni mo ń bú ọkùnrin náà. Mo bú fìlà rẹ̀, mo bú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nígbà ogun, mo bú àwọn òyìnbó tó sọ irú rẹ̀ di ènìyàn.

Ìyàwó mi ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbọ́ títí, ó wá ní, “Ẹ ò ka ọkùnrin náà sí, ẹ sì ń fi òrí mi ra awọ rẹ̀ bí ẹni ń ra ọmọ tuntun.”

“Awọ ni mò ń fi òrí rà, kì í ṣe ọkùnrin náà.”

“Ẹ ṣe é ṣákálá fún un nígbà náà. Ṣé òun á mọ ìyàtọ̀ ni?”

“Kò ní mọ̀.”

“Ta wá lẹ ń ṣe é fún?”

Mo tún bu òrí sí i. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ mi ń gbádùn iṣẹ́ náà, inú sì ń bí mi pé nítorí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló fi ń gbádùn.

Nígbà tí ọkùnrin náà wá gba pàṣán, ó fì í sókè sódò bí ẹni tó ń lé eṣinṣin lórí ẹ̀kọ. Ó fẹ́ sanwó. Mo ní kó lọ fi ra koríko fún ẹṣin.

Òjò rọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Iléyá tó mọ́. Ìyá náà ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá jókòó ti òun létí ọ̀nà yídì, kí n máa júwe ohun tó ń kọjá fún òun, nítorí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ọba kọjá lórí ẹṣin, àwọn ìjòyè kọjá, àwọn àlùfáà kọjá. Lẹ́yìn wọn ni ọmọ rẹ̀ yọ. Ó wọ àgbádá lé àgbádá, àwọn alárùú rẹ̀ méjì di ìjánu ẹṣin mú, òun náà sì dì mọ́ gàárì bí ẹni tó gun ọ̀pẹ láìní igbà.

“Ṣé òun nìyẹn?” ìyá béèrè.

“Òun ni, ìyá.”

“Ó jókòó dáadáa?”

“Ó jókòó.”

Wọ́n kọjá wa díẹ̀, ẹṣin bá dúró. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà gbé pàṣán sókè, ó fi na ẹṣin lórí. Kò sí ọmọ ilé ẹlẹ́ṣin kan tí kò mọ̀ pé a kì í na ẹṣin lórí. Ó tún nà án. Ẹṣin náà ká orúnkún iwájú rẹ̀, ó ká tẹ̀yìn, ó sì rọra dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ bí àgbàlagbà tó rin ọ̀nà jíjìn tó sì rí ibi tó wù ú láti sùn. Ọkùnrin náà yọ̀ bọ́ sílẹ̀ tòun ti àgbádá. Ó dìde, ó sì ń na ẹṣin náà lọ níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

Mo lọ bá a, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ó tó,” mo ní.

“Bàbá, ẹṣin mi ni.”

“Pàṣán mi sì ni. Gbé e wá.”

“Ẹ ti fún mi.”

“Ìyá rẹ ni mo fún.”

Ó wo ojú mi, ó wo àwọn ènìyàn tó yí wa ká, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tó bú jáde. Èmi àti àwọn alárùú tú gàárì kúrò lẹ́yìn ẹṣin náà, a sì dúró tì í títí ó fi dìde fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí yídì.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá. Mo ti ká pàṣán sábẹ́ àgbádá mi, ẹrẹ̀ ara rẹ̀ sì ń rin mí.

“Kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí?” ó béèrè.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn lè kún agbọ̀n. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ fìlà àrán. Mo wo ojú rẹ̀.

“Ewúrẹ́ kan ló já wọ àárín wọn, ìyá.”

“Ọmọ mi ńkọ́?”

“Ó ti kọjá lọ.”

“Pàṣán náà hàn dáadáa?”

“Ó hàn.”

Ó mi orí. “Ì bá ṣe pé bàbá rẹ̀ rí i.”

Ọkùnrin náà dá ẹṣin padà fún àwọn Gàmbàrí kí oṣù náà tó parí. Ó ń sọ káàkiri pé ojú àwọn aráyé ló wọ ẹṣin òun lára. Nígbà tí ìyá rẹ̀ béèrè pàṣán, ó ní ó wà lọ́dọ̀ mi, mò ń tún un ṣe. Mo gbọ́ irọ́ yìí lẹ́nu ìyá fúnra rẹ̀. Mo kàn fọ pàṣán náà mọ́, mo fi òrí rà á, mo sì gbé e lọ fún ìyá.

Ìyá náà kú kí Iléyá mìíràn tó dé. Mo lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹta rẹ̀. Pàṣán mi wà lára ògiri yàrá àlejò, ọmọ rẹ̀ ti fi ìṣó kàn án mọ́bẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akọ̀wé kékeré kan tó wá láti ibùdó ọkọ̀. Ó ní bàbá òun ló fi í jagun. Ó rí mi níbi tí mo jókòó sí, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí mi. “Bàbá, ṣé ẹ mọ bàbá wọn?”

“Mo mọ̀ ọ́n,” mo ní. “Ọmọlúàbí ni bàbá yẹn.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé mo gbè é. Mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tí wọ́n gbé síwájú mi tán, mo ṣan ọwọ́ mi, mo kí i kú ará fẹ́ra kù, mo sì lọ sílé.